Ẹsẹ̀ Tí Fada Fẹ́ Wẹ̀

[Ọjọ́bọ̀ Mímọ́, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Akíntóyè Ọláìtán dúró sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì wọn ní Àkúrẹ́, ó ń pe Leah àbúrò rẹ̀ ní Oǹdó. Àwọn akọrin ń dán orin wò nínú ilé. Fóònù dún títí kí wọ́n tó gbé e.]

AKÍNTÓYÈ: Leah, kú ìrọ̀lẹ́. Ṣé àlàáfíà ni? Àwọn ọmọ ńkọ́?

LEAH: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bọ̀ọ̀dá. Wọ́n wà. Ẹ̀yin lẹ pè mí lónìí?

AKÍNTÓYÈ: Mi ò ní pẹ́, wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí o dárí jì mí.

LEAH: Kí lẹ ṣe?

AKÍNTÓYÈ: Ohunkóhun tí mo bá ti ṣe. Fada yan àwa méjìlá tí òun máa wẹ ẹsẹ̀ fún lónìí, bí Jésù ṣe wẹ ti àwọn àpọ́sítélì. Ó ní ká má bá ẹnikẹ́ni jà ká tó na ẹsẹ̀ fún òun. Mo ti bẹ gbogbo èèyàn. Ìwọ nìkan ló kù. Ṣé o gbọ́ mi?

LEAH: Mo gbọ́. Ẹ bẹ gbogbo ayé tán, ó wá kan èmi.

AKÍNTÓYÈ: It's not like that. Lẹ́ńtì tọdún yìí yàtọ̀, Leah. Mo ti sún mọ́ Ọlọ́run gan-an. Mi ò pa Máàsì àárọ̀ kankan jẹ—

LEAH: Látọjọ́ tí wọ́n ti fi eérú kàn yín níwájú orí, ẹ ò tíì wá sí Oǹdó.

AKÍNTÓYÈ: Mo fẹ́ wá. Sátidé tí mo fẹ́ wá yẹn la lọ gbàdúrà ní retreat ní Ìlárá-Mọ̀kín. Ọjọ́ Ẹtì, Ọ̀nà Àgbélébùú ni. Èmi ni mo ń fi mọ́tò gbé àwọn ìyá àgbà wá láti Ọ̀bà-Ilé. Wọn ò lè rìn. Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n.

[Leah rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà korò.]

LEAH: Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, Bọ̀ọ̀dá.

AKÍNTÓYÈ: Ariwo jẹnẹrétọ̀ wo ló wà lẹ́yìn rẹ yẹn? Níbo lo wà?

LEAH: Ọsibítù.

AKÍNTÓYÈ: Ta ló ń—

LEAH: Egbò ẹsẹ̀ Màmá. Èyí tí mo ní kẹ́ ẹ wá wò. Èyí tẹ́ ẹ ní ẹ ti búùkù Máàsì fún.

AKÍNTÓYÈ: O ní ó ti ń jinná.

LEAH: Nígbà tó ń jinná ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ṣúgà ò jẹ́ kó— [ìlà ń já] —ti dúdú dé ọrùn ẹsẹ̀. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

AKÍNTÓYÈ: Ó ń já. Tún un sọ.

LEAH: Wọ́n fẹ́ gé e.

[Àwọn akọrin ti dákẹ́.]

AKÍNTÓYÈ: Ìgbà wo?

LEAH: Ó yẹ kí wọ́n ti gé e láàárọ̀. Màmá ò gbà. Wọ́n ní àfi kí Akíntóyè kọ́kọ́ rí àwọn lórí ẹsẹ̀ méjì. Dókítà sì ní oró rẹ̀ ń gòkè. Tó bá di ọ̀la, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ nìkan la máa sọ mọ́.

AKÍNTÓYÈ: O ò wá pè mí?

LEAH: Mo pè yín lánàá. Ẹ rọra sọ̀rọ̀, ẹ ní ẹ wà níwájú Sákírámẹ́ńtì, ẹ máa pè mí padà.

AKÍNTÓYÈ: Mo fẹ́ pè ẹ́ lóòótọ́—

LEAH: Ẹ ti pè báyìí.

OHÙN OBÌNRIN KAN: Bọ̀ọ̀dá Tóyè, Fada ní kẹ́ ẹ wá jókòó. Bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan lẹ máa bọ́ o.

AKÍNTÓYÈ: Mò ń bọ̀, mà. Leah, gbọ́. Tí a bá parí, mo máa wá. Tí mo bá dìde báyìí, mọ́kànlá la máa kù. Níbo ni Fada ti fẹ́ rí ẹlòmíì?

LEAH: Gbogbo Àkúrẹ́, kò sẹ́lòmíì tó lẹ́sẹ̀?

AKÍNTÓYÈ: Má bú mi, lọ́jọ́ tó rí báyìí.

LEAH: Ojoojúmọ́ ni mò ń fi omi iyọ̀ fọ ẹsẹ̀ yẹn. Òórùn rẹ̀ wà lára mi bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Fada kankan ò yàn mí.

AKÍNTÓYÈ: Leah—

LEAH: Spíkà lẹ wà. Látìgbà tẹ́ ẹ ti dárúkọ Ọ̀bà-Ilé.

[Irin bẹ́ẹ̀dì dún. Ẹnì kan mí kanlẹ̀.]

MÀMÁ: Akíntóyè.

AKÍNTÓYÈ: Màmá. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà.

MÀMÁ: Ẹsẹ̀ wo ni wọ́n fẹ́ wẹ̀ fún ọ?

AKÍNTÓYÈ: Ọ̀tún, mà.

MÀMÁ: Ọ̀tún náà ni tèmi. [ìlà ń já] —wọlé lọ. Má jẹ́ kí ìránṣẹ́ Ọlọ́run máa dúró dè ọ́.

AKÍNTÓYÈ: Ẹ dúró dè mí, Màmá.

MÀMÁ: Mo ti dúró dè ọ́ tó. Leah, sọ fún nọ́ọ̀sì pé mo ti gbà. Kí wọ́n wá gbé mi.

AKÍNTÓYÈ: Màmá, mi ò jẹ́ kí wọ́n wẹ̀ ẹ́ mọ́. Mo ti ń lọ sídìí mọ́tò. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

[Agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń lù.]

LEAH: —ò gbọ́ yín, Bọ̀ọ̀dá. Wọ́n ti ń ti bẹ́ẹ̀dì Màmá lọ—

AKÍNTÓYÈ: Ní kí wọ́n dúró. Leah, ṣé o gbọ́ mi? Màmá? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

[Ìlà já. Bàtà ọ̀tún wà lọ́wọ́ Akíntóyè. Kò mọ ìgbà tó bọ́ ọ.]