Fláàṣì Olókùn Pupa

Ìlú Gunsan tó wà létí òkun, ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù kọkànlá, ọdún 2009. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Giseop, láti ilé, ló ń pe Malsun, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń gé ẹja.

[Ariwo ẹ̀rọ. Omi ń ṣàn.]

MALSUN: Ta nìyẹn?

GISEOP: Èmi ni, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ ti jẹun?

MALSUN: Mo ti jẹun. Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ mi. Sọ ọ́ kíá.

GISEOP: Màmá ní kí n kí yín. Wọ́n mu ọbẹ̀ wọn tán, wọ́n ti sùn.

MALSUN: O ò pè mí torí ọbẹ̀.

GISEOP: Rárá o. Mo kàn fẹ́ béèrè ni. Báńkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi iṣẹ́ yín yẹn, aago mélòó ni wọ́n ń tilẹ̀kùn?

MALSUN: Mẹ́rin. Kí lo fẹ́ ṣe ní báńkì?

GISEOP: Kì í ṣe èmi gan-an. [Ó wúkọ́.] Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ—

MALSUN: Giseop. Ṣé o ti fi orúkọ wa sílẹ̀ fún ilé tí ìjọba ń pín yẹn?

GISEOP: Mo wà lẹ́nu ẹ̀.

MALSUN: Lẹ́nu ẹ̀ bíi ti báwo? Òní ni wọ́n ń parí ẹ̀!

GISEOP: Mo mọ̀.

MALSUN: Lánàá, mo ní kí n tọrọ àyè níbi iṣẹ́, kí n fi ọwọ́ ara mi lọ kọ ọ́ ní báńkì. Kí lo sọ?

GISEOP: Mo ní—

MALSUN: “Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni, Ẹ̀gbọ́n. Kò sí ohun tí Linux ò lè ṣe.” Bó o ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Kimchi wà lẹ́nu ẹ.

GISEOP: Ẹ̀bi Linux tó ń darí kọ̀ǹpútà mi kọ́! Àwọn tó ṣe ibi ìforúkọsílẹ̀ yẹn ni ò gbọ́n. Windows nìkan ni wọ́n ṣílẹ̀kùn fún. Gbogbo orílẹ̀-èdè yìí ló ti yọ̀ǹda ọrùn, wọ́n so wọ́n mọ́lẹ̀ bí ewúr—

[Ariwo. Ohùn ń já.]

MALSUN: Ṣé o gbọ́ mi? Ẹ̀gbẹ́ yàrá yìnyín ni mo wà.

GISEOP: Mo gbọ́ yín. Mò ń sọ pé bí ewúrẹ́—

MALSUN: Ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ ń rí koríko jẹ. Windows tó wà nínú kọ̀ǹpútà Màmá ńkọ́?

GISEOP: Mo yọ ọ́ lóṣù tó kọjá, mo fi Linux síbẹ̀. Ó ti ń yára báyìí.

MALSUN: Ó ń yára lọ síbo?

GISEOP: Ẹ̀gbọ́n—

MALSUN: Ilé géèmù wà nísàlẹ̀ ilé wa. Ogójì kọ̀ǹpútà ló wà níbẹ̀, Windows ni gbogbo wọn. Kí ló dè ọ́ mọ́lẹ̀ láti àárọ̀?

GISEOP: Èmi? Alága ẹgbẹ́ Linux ti Gunsan? Kí n lọ jókòó sídìí Windows? Gíláàsì ni gbogbo ojú ilé yẹn, Ẹ̀gbọ́n. Ẹnikẹ́ni lè kọjá kó rí mi.

MALSUN: Ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni méje.

GISEOP: Mẹ́sàn-án ni wá báyìí.

MALSUN: Ẹ kú oríire o. Kí lo wá ṣe láti àárọ̀?

GISEOP: Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn ará wa lórí ayélujára. Èèyàn mọ́kànlélógójì ló dá mi lóhùn!

MALSUN: Kí ni wọ́n wí?

GISEOP: Àwọn kan ní irú Linux tí mò ń lò ni ò dáa. Àwọn míì ní irọ́ ni, òun ló dáa jù. Ìjà wá bẹ́ sílẹ̀—

MALSUN: Èèyàn mọ́kànlélógójì. Kò wá sí ẹyọ ẹnì kan tó ní kó o wọ bàtà?

[Wọ́n gbé ọ̀bẹ lé orí irin.]

MALSUN: Ó dáa. Lórí ayélujára, aago mẹ́fà ni wọ́n máa tì í. Mú fláàṣì mi, èyí tí mo so okùn pupa mọ́. Ìwé-ẹ̀rí tí báńkì fún mi wà nínú ẹ̀. Láìsí i, wọn ò ní mọ̀ pé èmi ni. Sáré lọ sí ilé géèmù báyìí.

[Àga ń dún lábẹ́ Giseop.]

MALSUN: Ṣé o gbọ́ mi?

GISEOP: Mo gbọ́ yín. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rántí Ọ̀gbẹ́ni Pyo? Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì?

MALSUN: Kí ló kàn mí kan—

GISEOP: Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá sí ìpàdé wa ní Sátidé. Ó ní òun náà fẹ́ Linux. Odindi tíṣà o! Àwọn fláàṣì mi ti wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tán. Mo ti mú ọ̀kan dání látilé, lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Fáìlì kékeré kan báyìí ló wà nínú ẹ̀. Mo ṣe bí òfìfo ni.

MALSUN: Fáìlì kékeré kan.

GISEOP: Kéèyàn tó lè fi Linux sórí fláàṣì, ohun tó wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ pa rẹ́ ná. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn ni mo tó ki fláàṣì náà bọ kọ̀ǹpútà, mo wá rí i pé—

MALSUN: Okùn pupa ńkọ́? O ò rí i ni?

GISEOP: Mo rí i. Mo tú u ni. Kò jẹ́ kó wọlé dáadáa.

MALSUN: [sí ẹlòmíì] Ọ̀gá Do, mò ń jáde! Ẹ yọ ọ́ nínú owó iṣẹ́ mi!

[Ilẹ̀kùn irin. Afẹ́fẹ́. Ẹsẹ̀ ń sáré.]

GISEOP: Ẹ̀gbọ́n? Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló kù. Ẹ wọ takisí.

MALSUN: [Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.] Takisí wo ló máa gbé obìnrin tí ìpẹ́ ẹja bo bàtà rẹ̀? Giseop. Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta ọdún 1976. Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn?

GISEOP: Mi ò mọ̀.

MALSUN: Wọ́n gé aṣọ ilé-ìwé mi, wọ́n fi rán ṣòkòtò tìẹ. Mo wọ ilé iṣẹ́ ẹja lọ́sàn-án, mo ń kàwé lálẹ́. Ìgbà mẹ́rìnlá la ti kó ẹrù láti ìgbà yẹn. Nílé kẹsàn-án, omi dì nínú kẹ́tùlù. Nílé tá a wà yìí, àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlógún ló dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Orí àtẹ̀gùn kẹtàlá ni Màmá ti ṣubú.

GISEOP: Mo mọ̀ pé ẹ jìyà. Òun ló jẹ́ kí n máa jà fún òmìnira gbogbo èèyàn, kí ẹnikẹ́ni má baà—

MALSUN: Lọ fi òmìnira gbé Màmá gun àtẹ̀gùn.

[Ọkọ̀ fọn fèrè.]

GISEOP: Tí wọ́n bá sì fún wa nílé ọ̀hún, ẹ má gbàgbé yàrá kékeré tẹ́ ẹ ṣèlérí fún mi. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ní èyí tí oòrùn kì í wọ̀. Àwọn kọ̀ǹpútà mi ò fẹ́ ooru rárá. Ẹ̀gbọ́n? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

[Ẹsẹ̀ nìkan. Ilẹ̀kùn ṣí. Ohùn àwọn èèyàn.]

MALSUN: Mo ti wọlé. Èèyàn mẹ́fà ló wà níwájú mi.

GISEOP: Ẹ bẹ̀ wọ́n!

MALSUN: Òórùn ẹja ti bá mi bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ti dimú, wọ́n ti yà fún mi.

ÒṢÌṢẸ́ BÁŃKÌ: Ẹ káàbọ̀, mà. A ti fẹ́ tilẹ̀kùn o.

MALSUN: Torí ilé ìjọba yẹn ni. Káàdì mi rèé. Òǹtẹ̀ orúkọ mi rèé.

GISEOP: Òǹtẹ̀ yín wà lọ́wọ́ yín? Ọlọ́run ló yọ wá!

MALSUN: Ọrùn mi ni mo ń so ó sí. Òun nìkan ni o ò tíì rí fi Linux sí.

ÒṢÌṢẸ́ BÁŃKÌ: Ẹ̀yin àti ta ni ẹ jọ máa gbé ibẹ̀, mà?

GISEOP: Ẹ̀gbọ́n? Ẹ ní ẹni mẹ́ta ni wá. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

MALSUN: Mo gbọ́ ẹ dáadáa. [sí òṣìṣẹ́] Èmi àti ìyá mi.

ÒṢÌṢẸ́ BÁŃKÌ: Ẹni méjì. Ẹ lu òǹtẹ̀ síbí, mà.

GISEOP: Mẹ́ta ni wá! Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró ná—

[Òǹtẹ̀ dún lórí ìwé.]

GISEOP: Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ṣé ẹ gbọ́—

[Ìpè náà já.]