Ìwo Labalábá Tí O Fi Gọ́ọ̀mù Lẹ̀

Jókòó! Má tíì bọ́ bàtà, jókòó sórí àpótí yẹn kí o gbọ́ mi, wo ọwọ́ mi, ọwọ́ tó ń fá ìyẹ́ labalábá ìṣeré ọmọdé títí igi á fi fẹ́lẹ́ bí ewé, òun ni kò tíì gbé ọ̀bẹ láti àárọ̀ yìí! Kí ni mo fi ṣe ọ́, àbúrò mi? Kí ni mo fi ṣe ọ́?

Ìyá aránṣọ tó kọjú sí wa ló já wọlé láàárọ̀ yìí, kò kan ilẹ̀kùn, ó gbé ọmọ rẹ̀ dání, ojú ọmọ ti dúdú, kò sunkún, kò húkọ́, ẹnu kàn là sílẹ̀ ni. Áà! Ẹkún ọmọ kì í bà mí lẹ́rù, ìdákẹ́ ọmọ ni mo rí lónìí! Mo gbà á, mo dà á dojú dé itan mi, mo ń gbá a lẹ́yìn, mo ń bẹ orí rẹ̀, títí nǹkan fi ta jáde lẹ́nu rẹ̀, ó bọ́ sáàárín èérún igi nílẹ̀. Ìwo labalábá tí ìyá rẹ̀ rà lọ́wọ́ wa ni. Ìwo tí ìwọ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ọn lórí!

Má dá mi lóhùn! Ṣé ibí yìí náà kọ́ ni bàbá wa ti kọ́ àwa méjèèjì pé ara igi kan náà ni kí á ti gbẹ́ orí, kí á ti gbẹ́ ìwo, pé ohun tó bá ti ara igi yọ kì í ṣí bọ̀rọ̀? O ní ó ń pẹ́ jù. Ó ń pẹ́ jù! Àwọn oníbàárà ń pè ọ́ ní Ọlọ́wọ́-kíá, orí rẹ sì ń wú!

Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ yè. Nọ́ọ̀sì yẹ ọ̀fun rẹ̀ wò, ó ní kò séwu. Ìyá rẹ̀ ò tilẹ̀ bú mi, ó kàn wò mí, ó gbọ́mọ rẹ̀ lọ. Ì bá sàn kó bú mi!

Kí ló wá kù? O tún ń bi mí pé kí ló kù? Labalábá tí o dì sínú páálí fún àbíkẹ́yìn wa nígbà tó bímọ ńkọ́? Ó ní òkè ibùsùn ọmọ lòun so ó kọ́ sí, pé ọmọ ti ń nawọ́ mú un, pé ó ń pa á lẹ́rìn-ín! Mo ti pè é, pè é, pè é, fóònù ń dún, kò gbé e. Mo pe ọkọ rẹ̀, tiẹ̀ ò lọ rárá. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má sọ fún mi pé bóyá ó ń sùn! Ìyá ọmọ wo ló ń sùn lọ́sàn-án gangan tí fóònù á máa ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kò ní jí?

Yéè! Ó ń dún. Òun ni, òun ló ń pè yẹn! Rárá, mi ò gbé e, mo ní mi ò lè gbé e, kí n gbọ́ kí ni? Gbà. Ìwọ lo lẹ̀ ẹ́, ìwọ ni wàá bá a sọ̀rọ̀. Gbé e, jàre! Kí o tó kí i rárá, bi í: ọmọ ńkọ́?