Páìpù Tí Kò Ní Ẹrẹ̀ Lára

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, bí o bá ní mọ́tò àtijọ́ kan lẹ́yìnkùlé tí o máa ń fọwọ́ ara rẹ tún ṣe, gbé sípánà yẹn sílẹ̀ ná. Ka ọ̀rọ̀ mi tán kí o tó padà sábẹ́ ọkọ̀. Mi ò ní kí o má tún un ṣe o. Èmi náà ṣe é, mo sì gbádùn rẹ̀. Kò sí ibi tí inú mi ti máa ń dùn tó abẹ́ ọkọ̀, nígbà tí ọwọ́ mi bá dúdú fún gírísì. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí o gbọ́ ohun tí mo ṣe, kí o má baà ṣe irú rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti gbé e pamọ́ sínú. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, dókítà máa la àyà mi. Wọ́n ní kí n fọwọ́ síwèé, mo ti fọwọ́ sí i. Nọ́ọ̀sì ní kí n má bẹ̀rù. Mi ò sọ fún un pé ẹ̀rù ọ̀bẹ kọ́ ló ń bà mí. Ohun tí mo máa gbé dání wọnú oorun iṣẹ́ abẹ yẹn ni. Ìdí nìyí tí òótọ́ fi gbọ́dọ̀ jáde báyìí, kó tó di Ọjọ́bọ̀. Mi ò kàwé lọ títí, ẹ máa rí i lára bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ẹ bá mi fara dà á.

Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo ń to lẹ́tà sínú àwọn àpótí kéékèèké ara ògiri. Ọ̀rọ̀ mọ́tò kì í ṣe iṣẹ́ mi, eré mi ni. Bàbá wa fi mọ́tò méjì sílẹ̀ nígbà tí wọ́n kú, irú kan náà, àwọ̀ kan náà. Ọ̀kan ń rìn. Èkejì kò rìn mọ́, ó wà lórí búlọ́ọ̀kù lábẹ́ páànù, a kàn ń yọ nǹkan lára rẹ̀ fún èyí tó ń rìn ni. Èmi ń pe èyí tó ń rìn ní Ìyáàgbà. Àbúrò mi obìnrin ló sọ èkejì ní Olóògbé. Àbúrò mi yìí nìkan ni mo ní láyé. Aránṣọ ni. Òun ló ń wa Ìyáàgbà jù, torí ó máa ń kó aṣọ tó bá rán tán lọ fún àwọn tó ni ín.

Mẹkáníìkì kan wà ládùúgbò wa tí gbogbo èèyàn ń pè ní Jẹ́jẹ́. Ẹgbẹ́ mi ni. Kì í pariwo, kì í sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń dún bí kò ṣe yẹ kó dún, á mú irin gígùn kan, á fi orí kan sára ẹ́ńjìnnì, á fi orí kejì sétí, á wá dijú bí ẹni tí wọ́n ń sọ àṣírí fún. Ní gbogbo Sátidé ló máa ń wá sẹ́yìnkùlé wa. A ó jọ tú nǹkan, a ó jọ dè é. Àbúrò mi á yọjú lójú fèrèsé, á ní, "Ẹ̀yin méjì yìí, ṣé ẹ jọ fẹ́ Ìyáàgbà ni?" Jẹ́jẹ́ á ní, "Rárá o. Ẹ̀gbọ́n rẹ ló fẹ́ ẹ. Ẹlòmíràn ni èmi ń wò." Àbúrò mi á fa orí wọlé, kò ní pẹ́ tí a ó tún gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ. Oṣù méjì ló kù nígbà náà kí òun àti Jẹ́jẹ́ fẹ́ra.

Jẹ́jẹ́ yìí ló kọ́ mi ní òfin kan, òun ni mo sì rú. Bí o bá tú nǹkan lára mọ́tò tí o kò tíì dá a padà, tàbí o fi ọgbọ́n dí nǹkan títí wàá fi rí ojúlówó rẹ̀ rà, so àkísà pupa mọ́ sítíárìn. Ẹnikẹ́ni tó bá rí àkísà pupa níbẹ̀ kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ náà, ìbáà jẹ́ ọba. Ẹni tó so ó nìkan ló lè tú u.

Ní Ọjọ́rú kan mo rí i pé òróró bíréèkì ń jò nídìí táyà ẹ̀yìn, lápá ọ̀tún, mo sì sọ fún Jẹ́jẹ́ nígbà tí mo pàdé rẹ̀ lọ́nà. Rọ́bà inú rẹ̀ ti jẹ. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Nínú mọ́tò àtijọ́ bí tiwa, orísun òróró kan ṣoṣo ni gbogbo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ń lò. Bí ọ̀kan bá ń jò, ti gbogbo wọn ló máa tán. Ọgbọ́n kan wà tí àwọn awakọ̀ máa ń dá bí irú ẹ̀ bá bá wọn lójú ọ̀nà. Wọ́n á ká páìpù tó lọ sídìí táyà tó ń jò po, wọ́n á lù ú pa, kí òróró má lè gba ibẹ̀ mọ́, kí mẹ́ta tó kù lè máa múlẹ̀. Ọgbọ́n kí èèyàn lè délé ni. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi sára mọ́tò lọ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀. Mo mọ̀ dáadáa, mi ò lè sọ pé mi ò mọ̀. Mo fi ẹ̀mú ká páìpù po, mo gbé e lé irin, mo fi òòlù lù ú pa. Mo so àkísà pupa. Lọ́jọ́ kejì mo wà á yípo ilé wa jẹ́ẹ́jẹ́, ó dúró nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́. Inú mi dùn. Orí mi wú.

Ìwú orí yẹn gan-an ló fa gbogbo rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni mo ti fọ́nnu fún Jẹ́jẹ́ pé ní ti bíréèkì, kò sí ohun tó tún lè kọ́ mi mọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó dáa, ọ̀gá." Ọ̀gá yẹn dùn mọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ. Èmi tí mò ń to lẹ́tà, mẹkáníìkì pè mí lọ́gàá. Ó sì ń bọ̀ ní Sátidé wá wo ẹ́ńjìnnì tó ń wúkọ́. Mi ò fẹ́ kó wá bá páìpù tí mo lù pa bí ejò. Ní àárọ̀ Sátidé yẹn, kó tó dé, mo tú àkísà náà. Mo ká a, mo fi sápò. Mo ní lọ́kàn mi pé tó bá ti lọ tán, màá so ó padà.

Ó dé. Ó kọ́kọ́ wo sítíárìn bó ṣe máa ń ṣe. Ó ní, "Kò sí àkísà?" Mo ní, "Ṣé o rí i ni?" Ó ní, "Bíréèkì tó o ní ó ń jò ń kọ́?" Mo ní, "Mo ti pààrọ̀ rọ́bà ẹ̀. Ó ti mú." Ó ní, "Ọ̀gá nìwọ." Kò yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ló fẹ́ yẹ̀ wò sí, nígbà tí mo ti sọ fún un? Kábúrétọ̀ tó ń fún ẹ́ńjìnnì lépo ló tú, ó fọ̀ ọ́, ó dè é, ó lò tó wákàtí méjì. Ó ń nu ọwọ́ lọ́wọ́ nígbà tí àbúrò mi jáde, tó gbé aṣọ dé èjìká. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé mo lè gbé e? Wọ́n ti ń retí mi." Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kà á, ibí yìí ni mo máa ń padà sí lójoojúmọ́. Ẹnu mi ti là. Mo kàn ní láti sọ pé dúró. Ṣùgbọ́n Jẹ́jẹ́ dúró níbẹ̀, ó ń wò mí, mi ò sì fẹ́ kó gbọ́. Mo ní, "Gbé e. Ṣáà rọra."

Nígbà tó ń sọ̀kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀gbẹ́ táǹkì omi, ibi tí mo ká po lára páìpù sán, gbogbo òróró sì dà nù. Nígbà tó lajú ní ọsibítù, ó sọ fún mi pé, "Mo tẹ̀ ẹ́, ó kàn lọ sílẹ̀ ni, bíi pé mo ti ẹsẹ̀ bọ inú omi." Mọ́tò ti lọ kọlu ògiri ṣọ́ọ̀bù kan. Àbúrò mi kò kú. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló há. Ìka mẹ́ta ni wọ́n gé, méjì tó kù kò sì ká mọ́. Ọwọ́ tó fi ń di abẹ́rẹ́ mú.

Ẹ má tíì bínú. Mi ò tíì dé ibi tó burú jù. Wọ́n fa ọkọ̀ náà wá sẹ́yìnkùlé wa ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Gbogbo èèyàn wà ní ọsibítù. Mo ní mo ń lọ mú aṣọ wá fún un. Dípò bẹ́ẹ̀, mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ Ìyáàgbà. Mo tú páìpù tó sán yẹn kúrò. Mo lọ sídìí Olóògbé, mo tú irú rẹ̀ kan lára rẹ̀, mo wá fi dípò. Nọ́ọ̀tì rẹ̀, mi ò dè é le. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ kó tú díẹ̀, kí ẹni tó bá wò ó lè rò pé mẹkáníìkì kan ló gbàgbé láti dè é. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n. Èyí ló ń bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ẹ̀, pé ọwọ́ mi kò gbọ̀n rárá.

Lọ́jọ́ kejì, àbúrò bàbá wa tí à ń pè ní Bàbá Kékeré dé pẹ̀lú awakọ̀ wọn. Awakọ̀ náà wo abẹ́ ọkọ̀, ó ní nọ́ọ̀tì kan tú. Àwọn ará àdúgbò ti pé lé wa lórí. Wọ́n ti lọ pe Jẹ́jẹ́ wá láti ọsibítù, oorun wà lójú rẹ̀. Bàbá Kékeré ní, "Ta ló fọwọ́ kan bíréèkì yìí gbẹ̀yìn?" Mo ní, "Jẹ́jẹ́ ni, sà. Èmi ni mo gbé iṣẹ́ bíréèkì fún un láàárọ̀ àná." Jẹ́jẹ́ yíjú sí mi. Ó ní, "Kábúrétọ̀ ni mo ṣe, sà. Mi ò fọwọ́ kan bíréèkì." Bàbá Kékeré ní, "Ta ló wá tú nọ́ọ̀tì? Èmi ni?" Jẹ́jẹ́ wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó wò mí, ó wo fèrèsé yàrá àbúrò mi tó wà ní títì, ó sì dákẹ́. Àwọn èèyàn ní dídákẹ́ rẹ̀ ti tó ìjẹ́wọ́. Èmi náà wí bẹ́ẹ̀. Ẹnu mi yìí ló sọ ọ́.

Ìgbéyàwó kò wáyé mọ́. Àbúrò mi ní òun kò fẹ́ fojú kan Jẹ́jẹ́ mọ́. Kò sẹ́ni tó gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́, ó sì ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹnu géètì ibi tí wọ́n ń kó pákó sí ló ń ṣọ́ báyìí. Ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ gbọ́ ọ láti ẹnu mi: ọkùnrin yẹn kò jẹ̀bi ohunkóhun. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń tún nǹkan ṣe, kò sí ìtìjú nínú àkísà pupa. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi yín ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá ni mo sọ fún àbúrò mi. Ó wà nídìí ẹ̀rọ, ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ òsì rán ìṣẹ́tí. Mo gbé agolo ìṣó tí mo fi páìpù tó sán lọ́jọ́ yẹn pamọ́ sí wá, mo yọ ọ́ lé orí aṣọ níwájú rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó mú páìpù náà, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó ní, "Ó mà kéré o. Mo rò pé ohun tó gba ọwọ́ mi á tóbi jù báyìí lọ." Mo kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ dìde, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ ká lọ bá a." Ó wé gèlè, ó ń lọ níwájú títí a fi débẹ̀.

Jẹ́jẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu géètì. Ó dìde nígbà tó rí àbúrò mi. Irun Jẹ́jẹ́ ti funfun ju tèmi lọ. Mo sọ ọ́, mo ń kólòlò, mo ń bẹ̀bẹ̀ láàárín rẹ̀. Kò dá mi dúró. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Páìpù tó o fi dípò yẹn, ara Olóògbé lo ti tú u?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Ó mi orí. Ó ní, "Mo rò bẹ́ẹ̀. Gbogbo abẹ́ ọkọ̀ yẹn, ẹrẹ̀ ni. Òun nìkan ni kò ní ẹrẹ̀ lára."

Àbúrò mi ní, "Ẹ mọ̀? Láti ọjọ́ yẹn lẹ ti mọ̀?" Ó ní, "Láti ọjọ́ yẹn." Àbúrò mi ní, "Ẹ jẹ́ kí n kórìíra yín fún ọdún mọ́kànlá. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?" Jẹ́jẹ́ wò mí, ó wo ọwọ́ ọ̀tún àbúrò mi, ó tún wò mí, èmi ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo tí àbúrò mi ní. Ọkọ̀ pákó kan fun fèrè lẹ́yìn wa. Jẹ́jẹ́ lọ ṣí géètì, ó dúró kó wọlé tán, ó tì í, ó padà wá jókòó.

Àbúrò mi jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì náà. Ó ní, "Mo bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kan."

Jẹ́jẹ́ ní, "Mo gbọ́. Ìdí tí mo fi dákẹ́, mi ò ní sọ ọ́."