Iná Iwájú Ọkọ̀ Ojú Irin Mi

Ọkọ̀ ojú irin kékeré kan wà lórí tábìlì tẹlifíṣàn wa ní Baruwa tí n kò lè wò lójú mọ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é, òun náà ló wá di ẹ̀wọ̀n mi. Ẹ má tíì bú mi, ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín.

Rédíò ni mò ń tún ṣe jẹun, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin ló wà lọ́kàn mi láti kékeré. Mo máa ń ra èyí tí àwọn ọmọ fi ń ṣeré ní àlòkù lọ́jà Ìkòtún, n ó gé èèpo ike rẹ̀, n ó tún un kùn, n ó sì fi ohunkóhun tó bá wà nílẹ̀ sọ ọ́ di orí ọkọ̀ gidi. Ìdérí bírò ni mo fi ṣe ihò èéfín eléyìí. Nígbà tó ku iná iwájú, mo tú agolo bọ́tìnnì ìyàwó mi, mo rí yẹtí kan tí kò ní èkejì, òkúta rẹ̀ ń dán. Mo ṣe bí nǹkan tó ti bàjẹ́ ni. Mo gé ẹ̀yìn rẹ̀ dànù, ó ku òkúta nìkan, mo fi gúlùù lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ọkọ̀. Ó dára débi pé èmi nìkan ń rẹ́rìn-ín.

Àṣé yẹtí ìyá ìyàwó mi tó ti kú ni, òun nìkan ló sì rí mú nínú ẹrù wọn! Kí n tó ti ṣọ́ọ̀bù dé lọ́jọ́ tó wá a tì, ó ti pe àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ wa ní olè, ó ti kó ẹrù rẹ̀ síta. Ọmọ náà yíjú sí mi.

"Bọ̀dá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé mi ò kì í jalè. Ẹ bá mi sọ fún wọn."

Mo ní kí wọ́n fara balẹ̀, kí wọ́n tún un wá. Ṣé ohun tó yẹ kí ọkùnrin sọ nìyẹn? Ojú ló ń tì mí. Mo ní bó bá di ọ̀la n ó jẹ́wọ́, ọ̀la sì ti di ọdún méjì.

Ṣé kí n yọ ọ́, kí n dá a padà sínú agolo? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyàwó mi ti da agolo ọ̀hún sórí bẹ́ẹ̀dì láti wá a, ẹ̀yìn yẹtí náà sì ti lọ.

Ní ọjọ́ Àìkú, àbúrò rẹ̀ pè mí láti Ìpájà. Ó ti bí obìnrin, Yétúndé ló fẹ́ sọ ọ́ nítorí ìyá wọn, Ọjọ́bọ̀ sì ni ìkómọ. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n bá òun bẹ ẹ̀gbọ́n òun. Èmi! Mo bẹ ìyàwó mi ṣá.

"Bàbá Dàmọ́lá, àfi tó bá mú yẹtí màámi dání ni màá lọ."

Bó ṣe ń sọ ọ́, ọkọ̀ mi ló ń nù lọ́wọ́. Ó ń fi etí ìró rẹ̀ nu iná iwájú náà títí ó fi dán. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀la ni Ọjọ́bọ̀, báwo ni mo ṣe fẹ́ la ẹnu yìí?