Fàmílọ, Mọ́tò Bàbá Mi Tí Wọ́n Fi Ìran Gbà Lọ́wọ́ Mi

Bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ létí mi báyìí pé, "Olúwa ṣe é, ẹ bá wa dúpẹ́," ṣe ni mo máa ń yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kì í ṣe pé n ò mọ oore Ọlọ́run. Ó ṣe mí lóore, ojú gbogbo ayé ló ti ṣe é. Ṣùgbọ́n wọ́n da irọ́ mọ́ oore náà, wọ́n pò ó pọ̀ bí ẹni po gààrí, n ò wá mọ bí mo ṣe fẹ́ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Ẹni tó ṣe mí báyìí kì í ṣe ará ìta, kì í ṣe ọmọ orogún ìyá mi. Fẹ́mi ni, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, tí mo pọ̀n sẹ́yìn tí mo fọn imú fún. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́, wọ́n ní kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Mo ti ń pa òwe náà láti kékeré, n ò mọ̀ pé èmi gan-an lobì.

Ore ni mo ń gbé, ẹja yínyín ni mo ń tà nítòsí oríta. Odigbo ni ilé bàbá wa. Láyé ọjọ́un, bàbá mi ni olórí àwọn tó ń la gẹdú ní sọ́míìlì òyìnbó kan, nígbà tí òyìnbó náà sì ń palẹ̀ mọ́ lọ sílùú rẹ̀, ó fi mọ́tò kékeré kan ta bàbá mi lọ́rẹ. Ẹ ò rí irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ rí! Ó kúrú, ó rẹlẹ̀ débi pé bí ẹ bá wọ inú ẹ̀, àfi bí ẹni jókòó sórí ẹní. Èèyàn méjì péré ló ń gbà. Tapólì ni òrùlé ẹ̀, iná iwájú ẹ̀ rí rìbìtì bí ojú ẹni tí wọ́n jí lójijì. Àrà tó wà lára ẹ̀ gan-an ni pé táyà iwájú ló fi ń fa ara ẹ̀ lọ. Nígbà náà, gbogbo mọ́tò tí àwọn èèyàn wa mọ̀, láti ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ti ń tì wọ́n. Ìdí nìyẹn tí bàbá mi fi sọ ọ́ ní Fàmílọ. Bó bá bàjẹ́ tá a gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, wọn á fi jáàkì gbé ìdí ẹ̀ sókè, wọn á tẹná mọ́ ọn, táyà ẹ̀yìn ò ní mì. Wọn á káwọ́ lérí: "Bàbá, gíà yín ti kú o!" Bàbá mi á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú ẹ̀. "Ta ló ní kẹ́ ẹ gbé ìdí ẹ̀? Ẹ gbé orí ẹ̀ wò."

Èmi ló fi mọ́tò yẹn kọ́ ní ọkọ̀ wíwà. Fẹ́mi ò fẹ́ kí ojúgbà òun rí òun nínú ẹ̀, ó ní mọ́tò àtijọ́ ni, pé ó ń ti òun lójú. Oko kòkó wa wà lọ́nà Araromi-Obu, bí òjò bá sì rọ̀, ẹrẹ̀ ojú ọ̀nà yẹn lè gbé odindi lọ́rì mì. Àwọn tí ọkọ̀ tiwọn ń tì láti ẹ̀yìn á kó iyanrìn sí bọ́ọ̀tù kí ìdí ọkọ̀ lè wúwo. Bàbá mi á ní kí n sọ̀kalẹ̀, kí n lọ jókòó sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìwúwo mi á tẹ táyà iwájú mọ́lẹ̀, Fàmílọ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fà, á máa fà, á máa fà, ẹrẹ̀ á máa ta sí mi lójú, èmi á máa pariwo, bàbá á máa fọn fèrè. Nígbà tí àìsàn dá a gúnlẹ̀, ó pe èmi àti Fẹ́mi. Ó ní, "Fẹ́mi, ilé yìí, ìwọ ni o ni ín. Fàmílọ, ẹ̀gbọ́n rẹ ló ni ín. Ẹni tó jókòó lé e nínú ẹrẹ̀ ni kó máa gùn ún lọ." Fẹ́mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní òun ti gbọ́. Lẹ́yìn ìsìnkú ni mo gbé e wá sí Ore, sábẹ́ àtíbàbà lẹ́yìn ilé tí ṣọ́ọ̀bù mi wà, mo sì ń wà á lọ sóko lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ó dọjọ́ kan, ọkọ̀ ọkùnrin kan tó ń ti Èkó lọ sí Bìní kọṣẹ́ nítòsí wa. Ẹnjiníà ni wọ́n ń pè é. Ó wá ra omi tútù lọ́wọ́ mi, ojú ẹ̀ sì ṣe bẹ́ẹ̀ bọ́ sẹ́yìn ilé. Yéè! Ọkùnrin yìí gbàgbé omi. Tòun taṣọ funfun tó wọ̀, ó nà gbalaja sílẹ̀, ó ń yọjú wo abẹ́ Fàmílọ. Ó ní kí n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi ìka hàn mí pé ẹ́ńjìnnì náà dùbúlẹ̀ ní ìbú, pé ẹsẹ̀ iwájú ló so mọ́, pé kò sí ohunkóhun tó lọ sẹ́yìn. Ó ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é, fún àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn eré sísá, pé àwọn tó ṣe é ti kógbá wọlé tipẹ́, pé àwọn èèyàn ń fi àtùpà wá irú ẹ̀ kiri. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ dákun, ṣé ẹ máa tà á?" Mo ní rárá o, ogún bàbá mi ni. Kò bínú, ó kàn ń fọwọ́ pa á lára bí ẹni tó rí ìbátan. Fẹ́mi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ń jẹ búrẹ́dì, gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ló ṣe létí ẹ̀. Òun ló sin Ẹnjiníà padà dé ìdí ọkọ̀ ẹ̀. Mo tún yìn ín, mo ní àbúrò mi yìí mọ èèyàn ṣe!

Ní gbogbo àkókò yẹn, Bùsọ́lá ọmọ mi, tó wà nílé ọkọ ní Àkúrẹ́, ń lóyún, oyún ń bàjẹ́. Ẹni tí irú ẹ̀ bá ti ṣe rí ló mọ̀ ọ́n. N ò sùn mọ́, n ò jẹun gidi mọ́. Aládùúrà ni wá látilẹ̀, inú aṣọ funfun ni wọ́n bí wa sí, nítorí náà, nígbà tí Fẹ́mi ní òun mọ ilé àdúrà kan lọ́nà Ago-Alaye, pé wòlíì ibẹ̀ ń ríran bí ẹni ń wo dígí, ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀. Èmi, Bùsọ́lá àti Fẹ́mi la jọ lọ. Ẹ̀mí gbé wòlíì, ó ń yí gbirigbiri, ó ń lu agogo. Ó ní òun rí ẹranko onírin kan tó sùn sábẹ́ òrùlé mi, ojú ẹ̀ méjì ń tàn. Ó wá figbe ta: "Iwájú ló fi ń fà! Iwájú ló fi ń fà! Ó ń fa ọmọ jáde kí oṣù ẹ̀ tó pé!" Ó ní kó kúrò nílé mi kíákíá. Bùsọ́lá ké, ó ṣubú lulẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ara mi bù máṣọ. Mẹkáníìkì Ore ò mọ̀ pé iwájú ló fi ń fà, ta ló wá sọ fún ẹni tí kò rí i rí? Mo sọ fún ara mi pé Ẹ̀mí Mímọ́ ni. Fẹ́mi wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, "Halelúyà" tiẹ̀ ló rinlẹ̀ ju ti gbogbo wa lọ. Ojú mi fọ́ ni àbí etí mi di?

Òfin irú ẹ̀ nínú ìjọ wa kò ṣòro: bí wọ́n bá ní kí nǹkan kúrò nílé rẹ, o ò gbọdọ̀ wò ó bó ṣe ń lọ, o ò sì gbọdọ̀ bèèrè ibi tí wọ́n gbé e gbà. Bí o bá bèèrè, o ti pè é padà nìyẹn. Fẹ́mi ní kí n má ṣèyọnu, òun àti àwọn ará ìjọ á lọ dáná sun ún nínú igbó. Mo wọ aṣọ àdúrà, mo kọjú sí ògiri, mo ń ka Sáàmù, mo sì ń gbọ́ tí wọ́n ń tẹná mọ́ ẹ́ńjìnnì ẹ̀ lẹ́yìn ilé. Mo gbọ́ tó gun etí gọ́tà, tó fa ara ẹ̀ sọ́dá, tó lọ. Mo ní, "Bàbá mi, ẹ foríjì mí, nítorí ọmọ ni." Kò pẹ́ sígbà yẹn tí Bùsọ́lá lóyún, oyún náà sì dúró. Ṣé ẹ rí i? Ta ni kò ní gbàgbọ́?

Oyún náà ti yọ dáadáa lọ́sàn-án ọjọ́ tí mo ń la ẹja, tí mo gbọ́ ìró kan láti òpópónà. Ọwọ́ mi dúró. Kò sí mọ́tò mìíràn tó ń ké bẹ́ẹ̀. Mọ́tò pupa kan yà wọlé, ọ̀dà tuntun, tapólì tuntun, Ẹnjiníà sọ̀kalẹ̀ nínú ẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. "Mọ́mì, àbúrò yín ní kí n má bá yín sọ ọ́, pé ó ṣì ń dùn yín pé ẹ tà á. Ṣùgbọ́n mo ní bẹ́ ẹ bá rí bí mo ṣe tún un ṣe, inú yín á dùn." Ẹja bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo sún mọ́ ọn, mo fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, ibi tí ìdí mi ti tẹ irin wọnú díẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ lábẹ́ ọ̀dà. Ẹnjiníà ní òun ló ní kí wọ́n má nà án, pé ó jọ pé ó nítàn. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo bú sẹ́kún, mo ro gbogbo ẹ̀ fún un. Ọkùnrin náà dijú, kò lè wò mí. Ó ní òun ò lè máa wa ohun tí wọ́n fi ẹkún gbà, pé òun á dá a padà, pé ti owó kò kàn mí, òun àti Fẹ́mi ló kàn.

Mo lọ bá Fẹ́mi nílé. Mo ní, "Ta ló sọ fún wòlíì pé iwájú ló fi ń fà?" Ó wolẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo kàn ṣàlàyé díẹ̀ fún wọn ni." Díẹ̀! Ẹ gbọ́ o, díẹ̀! Ó tún ní irin lásán ni, pé kí ni obìnrin tó ti lọ sílé ọkọ fẹ́ fi mọ́tò bàbá ṣe, àti pé ṣé oyún ọ̀hún kò dúró ni? Mo ní ó dáa, kó tẹ̀ lé mi dé Àkúrẹ́, kó fẹnu ara ẹ̀ sọ òótọ́ fún Bùsọ́lá. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ṣé mo fẹ́ kẹ́rù ba aláboyún ni? Èmi nìkan lọ, mo ro ó fún un pé irọ́ ni ìran náà. Bùsọ́lá di ikùn ẹ̀ mú, ó ní, "Mọ́mì, ẹ fojú Ọlọ́run wò mí. Ọjọ́ tí mọ́tò yẹn bá padà wọlé yín, èmi àtọmọ mi ò ní débẹ̀ mọ́." Ìyá ẹ̀ kọ́ ló parọ́ fún un, àbúrò ìyá ẹ̀ ni, síbẹ̀ èmi ló ń wò bí ọ̀tá. Ó bímọ láyọ̀. Níbi ìsọmọlórúkọ, Fẹ́mi dìde, ó jẹ́rìí bí Ọlọ́run ṣe fi ìran tú ọmọ náà sílẹ̀, ó gbàdúrà gígùn. Nítorí ọmọ, mo ṣe Àmín. Àmín yẹn korò lẹ́nu mi ju ewúro lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbàdúrà, ẹ máa gbà á o, n ò ní kẹ́ ẹ má gbà á. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ríran sí yín, tí ó sọ àṣírí ilé yín, ẹ má tíì ké Halelúyà. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó mú yín débẹ̀. Ká ní mo wojú Fẹ́mi lọ́jọ́ náà ni, ǹ bá ti rí i.

Ní ti Fàmílọ, Bùsọ́lá wá kí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pọn ọmọ ẹ̀ sẹ́yìn, mo ń jó fún un, fóònù dún. Ẹnjiníà ni. Ó ní, "Mọ́mì, mo ti ṣe tán. Ṣé kí n máa gbé e bọ̀?" Mo mọ̀ pé irọ́ ni wòlíì pa. Mo mọ ẹni tó kọ́ ọ ní irọ́ náà. Mo fẹ́ sọ pé kó máa bọ̀, ẹnu mi ti là. Ọmọ náà bá sín. Ó sín lásán ni, bí gbogbo ọmọ ṣe ń sín, mo fi ọwọ́ kan dì í mú lẹ́yìn, mo wá ń gbọ́ tí ohùn ara mi ń sọ pé, "Ẹ jẹ́ ó ṣì wà lọ́dọ̀ yín ná." Èmi tí mo jókòó lé e nínú ẹrẹ̀, ẹ̀rù mọ́tò bàbá mi ń bà mí! Ẹ gbà mí o. Ẹnjiníà á tún pè. Kí ni kí n wí?