Bàbà Tó Wà Nínú Oko Ìsàlẹ̀

Clémence, fi bírò yẹn sílẹ̀, má tíì fọwọ́ sí ìwé kankan. Yanis, jókòó dáadáa, má wo aago mọ́. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ tó ń kó àgùntàn yín bọ̀ ti kúrò lórí òkè. Mo sì mọ̀ pé inú yín ń dùn pé kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọn á ti máa jẹ koríko láàárín àjàrà tí mo fẹ́ tà fún yín. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè dákẹ́ mọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, n kò sọ ọ́ fún àlùfáà rí. Dókítà ti sọ fún mi pé ó ṣòro kí ọkàn mi gbé mi dé ìkórè tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ikú kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ̀rù ń bà mí pé màá kú, ẹ ó ṣí géètì oko ìsàlẹ̀, ẹ ó sì máa kó òkú ẹran jáde níbẹ̀ láìmọ ohun tó pa wọ́n.

Ẹ ti rí àwòrán mi lára ìgò wáìnì. Solange Vaissière, ìyá oko tó mọ́. Ní gbogbo ìlú Roquevals yìí, èmi ni mo kọ́kọ́ sọ pé ká jáwọ́ nínú oògùn apakoríko, ká jẹ́ kí àgùntàn máa bá wa jẹ koríko oko nígbà òtútù, kí ìgbẹ́ wọn sì di ajílẹ̀ fún wa. Èmi ni mo dá Ẹgbẹ́ Ilẹ̀ Mímọ́ sílẹ̀. Ní ìpàdé, mo máa ń fi àwọn tó kọ̀ láti bá wa ṣe é ṣẹ̀sín. Mo sọ fún Escande, aládùúgbò mi, níwájú ìyàwó rẹ̀ pé májèlé ló ń rọ sínú ìgò tà. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, inú mi sì dùn. Ẹnu mi mú bí abẹ nígbà yẹn.

Ọdún tí òjò kò dá ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Àrùn mú àjàrà, abẹ́ ewé funfun bí ẹni ku ìyẹ̀fun sí i, èso wẹẹrẹ ń rọ, ó ń já bọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwa tí a ń ṣe oko tó mọ́, omi aláwọ̀ aró tí wọ́n fi bàbà, irin pupa nì, ṣe nìkan la lè fín sí i, òun náà sì níwọ̀n. Bí a bá ti fín iye tí òfin gbà lọ́dún, ó parí, ká káwọ́ lẹ́rán ká máa wo oko wa. Àwọn ará ẹgbẹ́ káwọ́ lẹ́rán lóòótọ́. Èmi kò lè ṣe é. Kí Escande wá dúró lẹ́bàá odi mi kó máa yọ̀ mí? Kò ṣeé gbọ́. Ọkọ mi tó ti kú fi àpò bàbà sílẹ̀ nínú àká, láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè ohun tí àgbẹ̀ ń fín. Mo pò ó, mo fín in. Òjò wẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, mo tún pò ó, mo tún fín in. Nígbà tí ìkórè dé, àjàrà tèmi nìkan ló yè nínú ẹgbẹ́ wa. Wọ́n gbé mi gẹ̀gẹ̀. Wọ́n ní ilẹ̀ fẹ́ràn mi. Nígbà tí mo wá gbọ́ pé àwọn tó máa ń yẹ oko wò ti wà lọ́nà, mo da gbogbo èyí tó kù nínú àgbá sí oko ìsàlẹ̀, mo da ìyẹ̀fun rẹ̀ náà síbẹ̀, mo sì fi ọkọ́ wa erùpẹ̀ bò ó. Ó pọ̀, ẹ̀yin ọmọ. Ojú kò tilẹ̀ tì mí.

Bastien Roumégas ló ń kó àgùntàn wá fún mi nígbà náà. Òun ló ń dà wọ́n, Nadège ìyàwó rẹ̀ ló ń ra oúnjẹ wọn, òun ló sì ń gbẹ̀bí wọn. Bí wọ́n bá dé, ilé mi á kún fún ẹ̀rín. Nadège á ní, "Màdáámú, ẹ bá mi bi í, ṣé èmi ló fẹ́ ni àbí àwọn àgùntàn?" Bastien á ní, "Àwọn àgùntàn kì í bá mi jà kí n tó mu kọfí." Lọ́dún náà, Bastien dúró lẹ́nu géètì oko ìsàlẹ̀, ó di géètì mú, ó ń họ orí. Ó ní, "Màdáámú, ẹ má bínú o. Òjò ọdún yìí pọ̀. Ṣé bàbà tí ẹ fín kò pọ̀ jù? Ẹ mọ̀ pé màlúù lè jẹ ẹ́ mọ́ oúnjẹ kó má ṣe é ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ti àgùntàn yàtọ̀. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ á máa kó o jọ ni, á máa kó o jọ, títí á fi pa á." Mo ní, "Bastien, ta lo rò pé ò ń bá sọ̀rọ̀? Escande ni?" Ojú tì í. Ó bẹ̀ mí, ó sì ṣí géètì. Mo ní oko òkè tí mo lè ní kó dà wọ́n sí. N kò sọ bẹ́ẹ̀, nítorí bí mo bá sọ ọ́, yóò béèrè ìdí.

Wọ́n jẹ koríko ibẹ̀ títí òtútù fi ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ìgbà tó fẹ́ máa kó wọn padà sókè ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú. Ojú wọn pọ́n bí ojú ẹni tí ibà pọ́njú mú, ìtọ̀ wọn sì pupa dúdú bíi wáìnì. Àwọn tó lóyún ló kọ́kọ́ lọ. Nadège wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ń fi ìgò bu omi sí wọn lẹ́nu, ó ń dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Dókítà ẹran la ọ̀kan, ó wo ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ó ní, "Ó jọ ti bàbà. Níbo ni wọ́n ti rí bàbà jẹ?" Bastien yíjú sí mi.

Ibi tó burú jù nìyí. Mo wa mọ́tò lọ sí Narbonne, mo ra iyọ̀ líle tí wọ́n máa ń gbé síwájú màlúù kó máa lá, irú èyí tí bàbà wà nínú rẹ̀. Mo fi aṣọ tútù nù ún títí ara rẹ̀ fi dán bí èyí tí ahọ́n ti lá. Nígbà tí tọkọtaya náà ń bá àwọn òṣìṣẹ́ kó òkú ẹran sínú ọkọ̀, mo wọ ilé ẹran, mo fi í sábẹ́ koríko nínú ọpọ́n oúnjẹ pẹ̀lú ọ̀rá tí wọ́n fi dì í. Mo wá jáde síta, mo bi dókítà pé, "Ṣé ẹ ti wo inú ọpọ́n wọn?"

Bastien ló fà á jáde. "Nadège, kí nìyí?"

"N kò mọ̀ ọ́n."

"Àwòrán màlúù ló wà lára ọ̀rá rẹ̀. Ṣé a ní màlúù ni?"

"Mo ní n kò mọ̀ ọ́n. N kò rà á."

"Ṣé ó fẹsẹ̀ rìn wá síbí ni? Ta ló ń ra oúnjẹ ẹran nílé wa?"

"Bastien, wò mí lójú. Ṣé mo purọ́ fún ọ rí?"

Kò wò ó. Òkú ẹran ló ń wò. Èmi wá gbé ọwọ́ lé èjìká Nadège, mo ní, "Má sunkún mọ́, ọmọ mi. Kò sẹ́ni tí kì í ṣàṣìṣe." Ẹ gbọ́ mi? Ẹ̀ṣẹ̀ tí mo fọwọ́ ara mi dá ni mo ń dárí rẹ̀ jì í lójú gbogbo èèyàn. Wọ́n tún yìn mí pé mo láàánú.

Láti ọjọ́ náà, Nadège Oníyọ̀ ni wọ́n ń pè é ní Roquevals. Bastien ta àwọn ẹran tó kù, ó lọ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Bí ó bá ti mutí, á tún ọ̀rọ̀ náà gbé dìde, títí ìyàwó rẹ̀ fi kẹ́rù lọ sí Béziers, tó lọ ń fọ aṣọ ní ọsibítù. Bastien kú lọ́dún tó kọjá. Nídìí sàréè, èmi wà níwájú pẹ̀lú òdòdó. Nadège dúró lẹ́yìn ògiri bí ẹni tí kò mọ òkú náà rí.

Lóṣù tó kọjá, mo lọ bá a. Mo sọ ohun gbogbo lórí ìdúró, lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Mo mọ̀. Mo fọ ọpọ́n yẹn kó tó di pé ìwọ wọlé, kò sí iyọ̀ kankan nínú rẹ̀."

"Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Mo sọ! Mo ní èmi kọ́. Ọkọ mi ni mò ń dúró dè kó gbà mí gbọ́, kò gbà mí gbọ́ títí ó fi kú. Ìyẹn lo gbà lọ́wọ́ mi. Ti àgùntàn, a ò bá ra òmíràn." Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun kò ní ìdáríjì kankan láti fún mi, kí n lọ bá àwọn ará ẹgbẹ́ tí a jọ ń mutí, kí n sọ ọ́ fún wọn. Ó sì tilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin ọmọ, bàbà kì í jẹrà nínú ilẹ̀. Òjò tó ti rọ̀ láti ìgbà yẹn kò gbé e lọ. Ẹ má da àgùntàn sí oko ìsàlẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín dà wọ́n síbẹ̀. Bí ẹ kò bá ra oko náà mọ́, n kò ní bá yín jà. Ẹ̀yin náà á rí ọdún òjò tiyín. Bó bá dé, tí àrùn bá fẹ́ pa àjàrà yín, ẹ jẹ́ kó pa á.

Clémence, nu ojú rẹ. Yanis, pe awakọ̀ náà nísinsìnyí, kó kó ẹran yẹn padà. Á béèrè ohun tó dé. Má sọ fún un pé ara ìyá arúgbó kan ni kò yá. Nadège ni wọ́n ti ń dárúkọ pé ó pa ẹran nílùú yìí láti ọdún pípẹ́ wá. Dárúkọ mi fún un, orúkọ mi àti ti bàbá mi. Sọ ọ́ sókè, kí n gbọ́.