Àfòtẹ̀ Tí Kì í Ṣe Ti Zàíd

Jókòó, Saheed. Má sọ fún mi pé ò ń tún fóònù oníbàárà ṣe lọ́wọ́, ẹni tó ni fóònù á dúró, èmi náà ti dúró fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko. Ọ̀kadà ni mo gùn láti Ìtòkú wá sí Òkè-Ìlewó yìí, aṣọ mi wà nínú aró, Àfúsá ọmọọṣẹ́ mi ni mo fi tì í, wo ọwọ́ mi, mi ò tilẹ̀ ráyè fọ̀ ọ́. Ìbéèrè kan péré ló gbé mi wá. Ta ló ń bá mi gbá géèmù lọ́jọọjọ́ Àìkú?

Zàíd ni, o wí. Ó dáa. Zàíd ọmọ mi, tó wà ní Kánádà láti ọdún mẹ́ta. Òun náà ló kúkú kọ́ mi ní géèmù ọ̀hún, lọ́dún tí ìjọba ní kí gbogbo wa jókòó sílé nítorí kòrónà, tí ọjà tì pa, tí mo kàn ń rìn káàkiri pálọ̀ bí adìẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí. Ó ní, “Màámi, ẹ jókòó, ẹ gba pádì kan.” Mo ní kí lèmi fẹ́ fi òbúkọ tó wọ bàtà irin ṣe ní ọjọ́ orí mi? Ó rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n tó ṣí ọjà, èmi àti ẹ̀ ti parí apá kìíní, a ti wọ apá kejì. Nígbà tó wá rìnrìn àjò, a ò dá géèmù náà dúró. Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Àsárì, èmi níbí, òun lọ́hùn-ún.

Ìwọ náà mọ géèmù yẹn. Ó ti di apá karùn-ún báyìí, wọ́n ti yí ìlú padà, wọ́n ti yí àwọn ọ̀tá padà, wọ́n tilẹ̀ ti fún òbúkọ náà ní irùngbọ̀n, ṣùgbọ́n wọn ò fọwọ́ kan àfòtẹ̀. Ìwọ àti Zàíd lẹ sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Òbúkọ á fò sókè, wàá tún tẹ bọ́tìnì nígbà tó bá wà lókè, á ká ẹsẹ̀ jọ, á sì já lu ọ̀tá lórí bí ọmọ odó. Bọ́tìnì kan náà ni gbogbo ayé ń tẹ̀. Ṣùgbọ́n kó ogún aṣọ àdìrẹ síwájú mi, màá yọ èyí tí Àfúsá fi ìyẹ́ kọ kúrò nínú èyí tí mo kọ. Ọwọ́ ènìyàn kì í jọra. Zàíd máa ń dúró lókè. Á jẹ́ kí òbúkọ fẹ́rẹ̀ẹ́ balẹ̀, kí àyà mi já, kó tó tẹ̀ ẹ́. Á tún kọ ẹ̀yìn sí ọ̀tá kó tó fọ́ ọ lórí. Ìgbéraga ni, ọ̀dọ̀ bàbá ẹ̀ ló ti mú un.

Láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún, òbúkọ tó ń jẹ́ orúkọ ọmọ mi ò dúró lókè mọ́. Wàràwàrà ló ń já wálẹ̀. Mo kọ́kọ́ ní bóyá iṣẹ́ ló ti rẹ̀ ẹ́. Mo pè é, kò gbé e. Ó fi ohùn ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, pé nẹ́tíwọ̀kì ò dáa, pé ká máa pàdé nínú géèmù. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ kíkọ nìkan. Nẹ́tíwọ̀kì tí ò lè gbé ojú ọmọ wá fún ìyá ẹ̀, ó wá ń gbé òbúkọ. Mo ní kó fi fídíò pè mí, ó ní kámẹ́rà ti bàjẹ́. Mo bi Lubabah àbúrò ẹ̀ léèrè, ó ń wo ilẹ̀. Mo ní bóyá ọlọ́pàá ti mú un. Mo tún rò ó síwájú, mi ò ní fi ẹnu ara mi sọ ohun tí mo rò.

Ni mo bá dẹ pańpẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí òbúkọ tèmi kó sí kòtò. Zàíd tí mo bí, tó bá rí mi nínú kòtò, á kọ́kọ́ fi àfòtẹ̀ gbá mi lórí lẹ́ẹ̀mẹta kó tó jẹ́ kí n jáde. Èyí dúró dè mí. Ó dúró jẹ́ẹ́, bí ọmọ tó fẹ́ mú ìyá àgbà sọdá títì. Ọ̀tá yọ, ó fò, ó tẹ̀ ẹ́ pa, ó wá sún sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kan.

Ìṣísẹ̀ kan sẹ́yìn, Saheed. Ibi tí mo ti rí i rí ò jìnnà. Pálọ̀ mi ni, o jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, o jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ Zàíd. Gbogbo ìgbà tó o bá pa ọ̀tá tán lo máa ń sún sẹ́yìn, bí ẹni pé òkú yẹn fẹ́ dìde. Zàíd á fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, èmi ni mo máa ń gbà ọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Inú abọ́ kan náà ni mo ti bọ́ ẹ̀yin méjèèjì. Èmi yìí náà lo wá ń fi orúkọ ọmọ mi tàn jẹ.

Má bojú wolẹ̀. Wò mí. Ṣé ọmọ mi wà láàyè?

Fi Ọlọ́run búra.

Ó dáa. Mo gbọ́. Sọ ìyókù, má sì bu nǹkan kan kúrò nínú ẹ̀.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé ẹran níbi iṣẹ́ ẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún. Ìka mélòó ló gé? Méjì. Àtàǹpàkò àti èyí tó tẹ̀ lé e.

Òun ló wá fún ọ ní páásíwọ́ọ̀dù ẹ̀, kó o máa bá mi gbá géèmù dípò ẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ mi tó ń ru. Ẹ jókòó, ẹ gbìmọ̀, ẹ fi mí sílẹ̀ kí n máa rò pé wọ́n ti sin ọmọ mi, ìyẹn ló máa mú ẹ̀jẹ̀ mi wálẹ̀. Lubabah náà mọ̀. Ta ni ò mọ̀ ní gbogbo Abẹ́òkúta yìí, yàtọ̀ sí èmi?

Pè é. Fídíò. Má sọ fún mi pé ó ń sùn, ilẹ̀ ti mọ́ lọ́dọ̀ wọn.

Zàíd. Èmi ni, fóònù Saheed ni mo mú. Má pa fóònù, mo ti gbọ́ gbogbo ẹ̀. Gbé ọwọ́ náà sókè. Kì í ṣe tòsì, èmi ni mo bí ẹ. Sún un mọ́ fóònù. Yí i padà. Ó ti ń jinná, àlíhàmúdùlílàhì. Ṣé ó ń dùn ẹ́? Irọ́ lò ń pa. Ta ló ń bá ẹ de bọ́tìnì ẹ̀wù? Má sunkún, mi ò bá ẹ jà, ẹni tí mo fẹ́ bá jà ló jókòó níwájú mi yìí. Lọ́jọ́ Àìkú, ọwọ́ òsì ni kó o fi kọ́ àfòtẹ̀. Mi ò bi ẹ́ bóyá o lè ṣe é. Bó bá gba oṣù mẹ́fà kí òbúkọ ẹ tó kúrò nílẹ̀, mi ò kánjú.

Ìwọ, gba fóònù ẹ. Ṣé o rò pé mo ti bá ẹ parí ọ̀rọ̀ ni? Bó o bá tún fi orúkọ ọmọ mi wọlé síbẹ̀, wọ́láhì, màá lọ bá ìyá ẹ nílé ní Ìbarà. Orúkọ ara ẹ ni kó o fi wọlé. Lẹ́yìn ìrun Àsárì, má pẹ́. Àyè ẹnì kẹta wà níbẹ̀.